Ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́ fún ìgbádùn ara yín? Èmi há sọ́wọ́ Ìràgbèje

Aránṣọ Àpáta (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹ ó bá mi dá sí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fẹ́ràn ìwé débi pé bí màmá mi bá rán mi níṣẹ́ sí Dùgbẹ̀, ọkọ̀ á gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ nítorí pé ojú mi ò kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí mo sì ti gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ aṣọ rírán, kò sí ìwé tí mo kà tán mọ́ àfi Bíbélì àti èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ de ìdánwò.

Lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi parí WAEC. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó ní kí n dáná sun ún. Mo tú páálí náà wò kí n tó ṣáná sí i, ni mo bá rí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà nísàlẹ̀, èyí tí bàbá wọn ti rà tipẹ́, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé ẹbọra tí wọ́n ń pè ní Agbako, wọ́n mú iná lọ, mi ò tilẹ̀ dìde, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi kà á lọ. Ó ti tó ọdún mélòó tí irú ìyẹn ti ṣe mí kẹ́yìn!

Àṣé ibì kan ń dúró dè mí níwájú. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, tí ọba ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ìràgbèje, ọlọ́gbọ́n tó ń gbani nímọ̀ràn, ibẹ̀ ni mo há sí. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ìtàn dúró, ìmọ̀ràn ń gorí ìmọ̀ràn. Bí mo bá ka ojú ìwé kan tán, ọwọ́ mi á ti lọ sórí fóònù, bí mo bá sì ti gbé fóònù, ó parí nìyẹn. Àkọtọ́ àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀dà tèmi náà tún ń dá mi dúró: "nwọn", "enia", "aiye". Mo ń kà á bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Ṣé kí n fi ìwé náà sílẹ̀ ni, àbí kí n fara dà á? Kí sì ni ẹ̀yin ń kà lọ́wọ́, tí kì í ṣe ti ìdánwò, tí kì í ṣe ti iṣẹ́, tí ẹ kàn ń kà nítorí pé ó dùn mọ́ yín?

Ọmọ Kúdẹtì (9:31 alẹ́)

Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kò jẹ Ìràgbèje lówó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò kàwé mọ́ nítorí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní dandan àwọn gbọ́dọ̀ parí.

Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni kí ẹ lọ wá. Ó ti jáde láti 1969, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, ẹ ò ní rántí pé ó ti pẹ́. Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló wà nínú rẹ̀, òun àti Tàfá Ìgíripá, àwọn méjèèjì ń tọpa ọ̀daràn. Kò sí ìwàásù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ láàárín wọn bíi kí àwọn ọkùnrin méjì jókòó ti ọpọ́n ayò. Alẹ́ méjì ni mo fi kà á tán. Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí, mo ti dé àárín.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (10:02 alẹ́)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ gbogbo ilé. Mo fara mọ́ apá kan nínú ohun tí Ọmọ Kúdẹtì sọ, pé kì í ṣe gbogbo ìwé lèèyàn gbọ́dọ̀ kà tán. Àmọ́ èyí tí Aránṣọ mú dání kì í ṣe irú ìwé tí a ń fi sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ìwé girama nílùú yìí. Ibi tí ẹ há sí yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi máa ń há sí, mo sì rí ohun tó máa ń yọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe wáyé, nítorí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà ni Fágúnwà. Ilé ìwé St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ni nígbà tí ìjọba pe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, ìwé yìí ló kọ ránṣẹ́, ó sì jáde lọ́dún 1938. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ gígùn tó ṣáájú ní Yorùbá. Tíṣà tó bá ń kọ ìwé kò lè ṣe kó má kọ́ni. Àwọn tó sì kọ́kọ́ ra ìwé náà, púpọ̀ nínú wọn kì í dá a kà. Ẹnì kan tó mọ̀wé á jókòó láàárín ilé, á máa kà á sókè, àwọn tó kù á máa gbọ́, wọ́n á máa dá sí i, wọ́n á máa bú àwọn ọmọ tó ń hùwà bíi ti ẹni inú ìtàn. Bí ẹ bá dákẹ́ ka ẹ̀kọ́ Ìràgbèje lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí ẹ ti ránṣọ látàárọ̀, oorun ni yóò kàn. Àmọ́ bí ẹ bá kà á sókè fún èèyàn méjì péré, ẹ ó rí i pé ìjíròrò ni.

Ti àkọtọ́, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. "Nwọn" ni wọ́n, "enia" ni ènìyàn, "aiye" ni ayé. Ẹ̀dà tuntun wà tí wọ́n ti tún un kọ lọ́nà òde òní, àmọ́ ẹ má ju ti bàbá àwọn ọmọ nù. Ẹ kà á jáde lẹ́nu, etí yín á mọ ohun tí ojú yín kò mọ̀.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní: ẹ má fo ẹ̀kọ́ Ìràgbèje kọjá, torí inú rẹ̀ ni ìtàn Ajántálá wà. Ẹni tí kò bá ka Ajántálá kò tíì ka ìwé yẹn.

Èmi fúnra mi ń tún Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá kà. Ìtàn ìgbà èwe ní abúlé ni, ó sì ń mú mi rántí ẹ̀gbẹ́ mi tó ti lọ.

Èrò Inú Micra (10:20 alẹ́)

Ìwó Road sí UI ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sì sọ mí di òǹkàwé. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Bódìjà mo ti ka orí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí àyè, ẹ wo ibi tí ẹ ti ń dúró de nǹkan. Ibẹ̀ ni àyè wà. Kí ìwé náà ṣáà ti jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè wọ báàgì.

Owó Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń kà lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìwé Lápàdé tí Ọmọ Kúdẹtì ń sọ. Ó dùn!

Ọmọ Kúdẹtì (10:26 alẹ́)

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Lápàdé kò sí nínú Owó Ẹ̀jẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé ló kọ ìyẹn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ ni Akin Olúṣínà. Ẹ má pò wọ́n pọ̀, nítorí wọn ò jọra. Akin Olúṣínà á fara balẹ̀, á máa bi ìbéèrè, á máa so ọ̀kan mọ́ èkejì títí ọ̀rọ̀ á fi já síbì kan. Lápàdé ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ kò sì gbà á láti jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ àdììtú tí òun náà lè máa bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tú, kó ka Akínlàdé. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá tó ń ta bí ata, Òkédìjí ni.

Èrò Inú Micra (10:29 alẹ́)

Ẹ ṣeun. Akin Olúṣínà ni lóòótọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà wò ni.

Ìyá Ìbejì Ológunẹ́rù (Ọjọ́ Ajé, aago 6:10 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ohun tí Bàbá Tíṣà sọ nípa kíkà sókè, èmi jẹ́rìí sí i. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mọ́kànlá, wọn kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá sétí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Kúyẹ̀ ti J. F. Ọdúnjọ fún wọn lálẹ́, ojú ìwé mẹ́ta, mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀: ọmọ tí etí rẹ̀ di, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, tí àwọn ẹbí tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀ ń fìyà jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Ó ní kí ló dé tí kò sẹ́ni tó gba Kúyẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn gbé e mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé wá bá mi nídìí ìkòkò.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí Bàbá Tíṣà ni pé èmi ń fo ibi tó bá gùn jù. Bí mo bá rí i pé ojú àwọn ọmọ ti ń wọlẹ̀, mo máa ń fi ẹnu ara mi sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ṣókí, ká lè tẹ̀ síwájú. Mi ò rò pé òǹkọ̀wé á bínú sí mi.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (7:45 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, ti ọmọdé yàtọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ńlá.

Ará Mọ̀níyà (12:37 ọ̀sán)

Ẹ má bínú o, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ó dà bíi pé gbogbo yín ti gbà pé Yorùbá nìkan lèèyàn lè kà fún ìgbádùn. Kí ló dé? Òyìnbó ni mo ń kà, inú Ìbàdàn náà ni ìtàn rẹ̀ sì wà: The Secret Lives of Baba Segi's Wives ti Lọlá Shónẹ́yìn, tó jáde ní 2010. Olórogún mẹ́rin nílé ọkọ kan, ìyàwó tó kàwé jù lọ ló dé gbẹ̀yìn, kò sì rọ́mọ bí. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin inú ìwé náà ń sọ, Yorùbá pọ́nńbélé ni, òyìnbó kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un.

Ṣé a ti gbàgbé Amos Tutùọlá ni? Ó bá wa gbé Ìbàdàn yìí, ó bá ilé iṣẹ́ rédíò ṣiṣẹ́ níbí, ìlú yìí náà ló kú sí ní 1997. Òyìnbó ló fi kọ gbogbo ìwé rẹ̀.

Ọmọ Kúdẹtì (12:58 ọ̀sán)

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ka òyìnbó. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé òyìnbó ní àwọn tó ń kà á káàkiri ayé. Yorùbá, bí àwa tí a wà nílùú yìí ò bá kà á, ta ni yóò kà á? Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Jẹ́ríkò ń tẹ ohun tí wọ́n mọ̀ pé a óò rà. Bó bá jẹ́ ìwé ìdánwò nìkan là ń rà, òun náà ni wọ́n óò máa tẹ̀.

Ará Mọ̀níyà (1:06 ọ̀sán)

Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ẹ sọ ọ̀kan fún mi tí kì í ṣe ti igbó àti iwin, tí kì í sì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì Ológunẹ́rù (1:15 ọ̀sán)

Ó Le Kú! Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Àjàní wà ní yunifásítì, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó tètè mú ìyàwó wálé, Aṣákẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì wà níbẹ̀. Inú Ìbàdàn yín náà ni. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe, ẹ ka ìwé rẹ̀. Fíìmù ò lè gbé gbogbo ohun tó wà lọ́kàn Àjàní jáde, inú ọkàn yẹn sì ni gbogbo ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀.

Ìdúró Challenge (3:40 ìrọ̀lẹ́)

Iwájú ère Ẹfúnṣetán ní Challenge ni mo ti ń tajà, ọdún kẹsàn-án rèé. Èyí ló mú mi wá ìwé eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá kan náà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà burú o! Aboyún kò gbọdọ̀ wà láàárín àwọn ẹrú rẹ̀, orí ni yóò fi dí i. Nísinsìnyí, bí mo bá gbójú sókè tí mo rí ère yẹn, mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí a fi mọ ère fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (5:22 ìrọ̀lẹ́)

Ìdúró Challenge, ẹ ṣeun tí ẹ mú èyí wá, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Eré ni eré. Ìṣọ̀lá mọ eré í kọ, ó fẹ́ kí ọkàn wa gbóná sí ìwà ìkà, ó sì rí i ṣe. Àmọ́ ẹ ka ohun tí Samuel Johnson kọ nínú The History of the Yorubas sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé tó sún mọ́ ojú ìwé 700. (Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn: Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọ nù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Ọbadáyà, ló tún un tò látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Bí mo bá ṣí i, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yẹn.)

Nínú Johnson, 1874 ni Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ Ẹfúnṣetán lóyè Ìyálóde. Ẹ wo ẹ̀sùn tó kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Kò sí aboyún kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn. Ó san owó ìtanràn, síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n sì lò láti pa á lóru. Olówó ni, oníṣòwò ni, àwọn ìjòyè ń rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé kò níkà nínú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ka méjèèjì, kí ẹ tó tún wo ère yẹn.

Ìdúró Challenge (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Háà. Bàbá, mi ò mọ èyí rí. Òyìnbó tó wà nínú ìwé náà ṣé kò le jù?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (6:03 ìrọ̀lẹ́)

Ó le díẹ̀, ti ayé ijọ́un ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ibi tó ti ń sọ nípa Ìbàdàn, kí ẹ ka ojú ìwé méjì lóòjọ́.

Alátẹ Ìwé (8:11 alẹ́)

Mò ń ta ìwé àlòkù, mi ò ní sọ ibi tí mo wà kó má di pé mò ń polówó. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹ tó jáde lọ ra gbogbo ohun tí ẹ ń dárúkọ. Ayédèrú pọ̀ lórí àtẹ, pàápàá àwọn ìwé tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò rí, torí òun ló ń tà. Oníbàárà kan ra Ó Le Kú níbì kan, ó dé ibi tó dùn jù, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún kò sí níbẹ̀. Ó gbé e wá bá mi pẹ̀lú ìbínú, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti rà á.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ wo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà: ibi tí wọ́n bá ti fi fótókọ́pì ṣe é, àmì abẹ́ "ṣ" àti "ọ" máa ń pòórá, ọ̀rọ̀ á wá yí padà. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìwé àlòkù tó jẹ́ ojúlówó, bó tilẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, sàn ju ayédèrú tó ń dán lọ. Ẹ má sì tijú láti ná an.

Aránṣọ Àpáta (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:48 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tí a ò lè lọṣọ, mo ní kí wọ́n jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láti ibi tí mo há sí. Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. "Nwọn" yẹn kò dá mi dúró rárá, ẹnu mi ń pè é bó ṣe yẹ kí n tó ronú.

A dé Ajántálá. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tó dìde, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń lu àgbà! Àwọn ọmọbìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí tí alágbàfọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa fi yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ pé òun ò gba gbogbo ohun tí Ìràgbèje wí nípa ọmọ títọ́, pé àwọn òbí náà ní ẹ̀bi tiwọn. Èkejì ní irọ́ ni. Wọ́n ń jà sí i títí a fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àná la kà á tán, alágbàfọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Kúdẹtì, ẹ má bínú pé mi ò gba ìmọ̀ràn yín. Mo ti ní kí àbúrò mi bá mi wá Àjà Ló Lẹrù ní Ògúnpa, yóò sì ka ojú ìwé rẹ̀ kó tó sanwó.

Ọmọ Kúdẹtì (9:55 alẹ́)

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá a kiri. Ẹ̀dà tèmi wà níbí, mo lè gbé e wá fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì yá mi ní ti Fágúnwà. Mi ò kà á kọjá Agbako rí, èmi náà.

Aránṣọ Àpáta (10:01 alẹ́)

Ẹ máa bọ̀ o. Ẹ rọra mú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ya. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní Igbó Olódùmarè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa. Àwọn ọmọ yìí ti gbọ́ pé ìtàn bàbá Àkàrà-Ògùn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti ń bi mí láti àárọ̀.